Ìgò tí À Ń Wò, Táńkì tí À Ń Mu: Lámèyítọ́ Ìhun Ẹ̀rọ Amómitutù

0. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ ìhun ẹ̀rọ amómitutù wò, èyíinì ni ẹ̀rọ oníná tí a máa ń gbé ìgò oníke ńlá dorí kodò lé lórí, tí ó ní ẹnu méjì níwájú, ọ̀kan fún omi tútù, èkejì fún omi gbígbóná. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, dìsípẹ́ńsà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. A yan "ẹ̀rọ amómitutù" nítorí pé orúkọ náà sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ní òun ń ṣe, a ó sì lè fi orúkọ yìí dán an wò bí a bá ti ń lọ.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ìjókòó yìí béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà nínú iṣẹ́ àwọn ẹnjinníà. Ìdáhùn wa kò gùn. Bí a bá lè jókòó yẹ ọnà ara igbá, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ àti ìkòkò amọ̀ wò, a kò rí ìdí tí a ó fi dákẹ́ nípa ẹ̀rọ tí a ń bu omi mu nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ yìí ti gba ipò àmù ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, báńkì, ilé ìwòsàn àti yàrá àlejò. Ohun tí ó bá sì gba ipò ohun mìíràn, ó yẹ kí a bi í léèrè bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó lé kúrò.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ, níbi tí a ti lo nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀rọ amómitutù kan wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo wa ni a ń mu níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bàbá tí ó máa ń pààrọ̀ ìgò gbé èyí tí ó ti tán kúrò. Kí ó tó gbé tuntun lé e, òórùn kan jáde. A bẹjú wo ihò tí ọrùn ìgò ń wọ̀. Nígbà tí a yọ òrùka oníke tí ó wà lẹ́nu ihò náà, a rí ohun kan tí ó ń yọ̀, tí ó ní àwọ̀ ewé, tí ó lẹ̀ mọ́ ara táńkì yípo. A bi bàbá náà pé, "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ fọ ibí yìí kẹ́yìn?" Ó wò wá tìyanutìyanu, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní inú."

Gbólóhùn yìí ni a gbé gbogbo bébà yìí kà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni bàbá náà. Gbogbo òwúrọ̀ ni ó máa ń nu ara ẹ̀rọ náà títí tí yóò fi máa dán. Ohun tí ó rí ni ó nù. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ amómitutù fi ibi tí kò ṣe pàtàkì hàn, ó sì fi ibi tí ó ṣe pàtàkì pamọ́. Àbùkù yìí kì í ṣe ti ẹni tí ń lò ó. Àbùkù ìhun ni.

1. Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìwà lẹwà. A sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn, pàápàá fún ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ dára tí inú rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í fi mọ sí ara ènìyàn. Ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ dára tí kò mú kì í ṣe ọ̀bẹ tó dára. Ìlù tí a fi ọnà sí lára tí kò dún kì í ṣe ìlù. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yẹ ohun ìlò wò, ojú kò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí a ń wá ni ìwà ohun náà: bí ó ti ń hùwà sí ẹni tí ń lò ó, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ le àti ní ọjọ́ tí ó ń ṣàìsàn.

Láti ara òṣùwọ̀n yìí, a fa ìbéèrè mẹ́ta yọ:

(i) Ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà ń ṣe ohun tí ó ní òun ń ṣe?
(ii) Bí kò bá ṣe é mọ́, ǹjẹ́ ẹni tí ń lò ó lè mọ̀?
(iii) Nígbà tí a ń ro bí a ó ti ṣe é, ta ni a rò mọ́ ọn, ta ni a sì gbàgbé?

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù lójú wa, nítorí pé kò sí ohun tí kì í bàjẹ́. Ohun tí ó bá bàjẹ́ tí ó sì sọ pé òun bàjẹ́ kò tíì ṣe wá ní ibi tó èyí tí ó bàjẹ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín.

2. Ìhun ẹ̀rọ náà

Bí ènìyàn bá dúró níwájú ẹ̀rọ amómitutù, ohun tí ojú kọ́kọ́ bá ni ìgò. Ìgò náà ń gba omi 18.9 lítà, èyí tí í ṣe gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 5. Ó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ènìyàn bá bu omi nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ a gba ọrùn ìgò wọlé láti rọ́pò omi tí ó jáde, a sì gbọ́ gbulúgbulú bí atẹ́gùn náà ti ń gòkè. Dídún yìí wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀rọ náà dà bí ohun abẹ̀mí. Ó tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìròyìn òtítọ́ tí ẹ̀rọ náà ń fún wa: ó ń sọ pé omi ń lọ, àti pé afẹ́fẹ́ inú yàrá, pẹ̀lú eruku rẹ̀, ń wọlé dípò rẹ̀, àfi bí a bá fi asẹ́ sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Lábẹ́ ìgò ni àpótí funfun wà. Níwájú àpótí náà ni ẹnu ẹ̀rọ méjì wà, pupa àti àwọ̀ aró, pẹ̀lú àwọn iná kéékèèké àti àwo tí ń gba omi tí ó bá kán sílẹ̀. Ó yẹ kí a yin àwọ̀ méjèèjì. Ẹni tí kò mọ ìwé lè lò wọ́n. Pupa kò nílò olùkọ́, nítorí pé ẹyin iná pọ́n. Ti aró ni a ní láti kọ́, nítorí kò sí ohun kan nínú èdè wa tí ó so aró mọ́ òtútù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ pupa lè fi ìyàtọ̀ mọ èkejì. Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ ìhun tí ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Inú àpótí ni ọ̀rọ̀ wà. Omi kì í ti inú ìgò bọ́ sínú ife. Inú táńkì kékeré kan, tí kì í sábà gbà ju lítà díẹ̀ lọ, ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí. Nínú irú ẹ̀rọ tí ó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé mọ́ ara táńkì yìí. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń fún gáàsì pọ̀. Gáàsì náà gbóná, ó gba inú àwọn irin dúdú ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọjá, ó dà ooru rẹ̀ sínú yàrá, ó sì di olómi. Lẹ́yìn náà ni ó gba ojú ọ̀nà tóóró kan wọ inú páìpù ara táńkì, níbi tí ó ti tún di gáàsì, tí ó sì ń fa ooru kúrò lára omi. Ọgbọ́n kan náà ni ti fíríìjì. Páìpù mìíràn ń gbé omi lọ sí táńkì kejì, níbi tí iná ti ń sè é fún ẹnu pupa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ètò yìí bí a ti ń wo ìhun ewì. Ìgò wà lókè, níbi tí ojú wà, ó mọ́, ó ń tàn. Táńkì wà ní àárín, nínú òkùnkùn, kò ní fèrèsé, kò ní ọmọrí tí ọwọ́ lè ṣí láìlo irin iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu omi a wo ìgò, a rí i pé omi inú rẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì mu omi tí ó ti wà nínú táńkì láti àná. Ìgò ni à ń wò, táńkì ni à ń mu. Ìgò náà dà bí ẹni tí ń jẹ́rìí fún ẹlòmíràn nínú ẹjọ́ tí kò ṣojú rẹ̀.

3. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Bí a bá wo ìtàn, ọ̀rọ̀ yìí tún yani lẹ́nu sí i, nítorí pé ẹ̀rù ohun tí ó farasin ni ó bí irú ẹ̀rọ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ife kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mu omi ní ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń wúkọ́ á mu, ọmọdé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1909, ìpínlẹ̀ Kansas fi òfin de ife àjùmọ̀lò yìí. Orúkọ ọkùnrin méjì ni ìtàn fi sọ́kàn jù. Èkíní ni Luther Haws ti ìlú Berkeley ní California, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ páìpù omi àti àbójútó ìmọ́tótó, tí ó sì ṣe ẹnu ẹ̀rọ tí ènìyàn lè mu omi lẹ́nu rẹ̀ láìlo ife ní 1906. Èkejì ni Halsey Taylor ti ìlú Warren ní Ohio, tí bàbá rẹ̀ kú ní 1896 nípa ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí omi àìmọ́ ń fà. Taylor dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1912. Yìnyín ni a kọ́kọ́ fi ń mú irú omi bẹ́ẹ̀ tutù, kí ẹ̀rọ oníná tó gba iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ìran tí ẹ̀rọ yìí ti wá jẹ́ ìran tí ó fẹ́ gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn tí ojú kò rí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé wọ́n lé ewu kúrò lẹ́nu ife, ewu náà sì rí àyè jókòó sínú táńkì. Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti òjé. Àwọn ẹ̀rọ amómitutù kan wà ní Amẹ́ríkà tí a fi òjé bo inú táńkì wọn, tàbí tí a fi òjé jó páìpù wọn pọ̀. Òjé a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, pàápàá bí omi bá sùn mọ́jú níbẹ̀, ó sì ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1988, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó pàṣẹ pé kí a gba àwọn ẹ̀rọ tí ó ní táńkì olójèé padà tàbí kí a tún wọn ṣe, tí ó sì fi òfin de títa èyí tí ó bá ní òjé.

Kí ni ọ̀rọ̀ òjé yìí kọ́ lámèyítọ́? Kò sí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lè fi ojú, imú tàbí ahọ́n mọ̀ pé òjé wà nínú omi náà. Omi náà tutù, ó mọ́, ó dùn mu. Bí a bá fi ìbéèrè wa àkọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà, yóò yege: ó ní òun ń mú omi tutù, ó sì ń mú un tutù. Ìbéèrè kejì ni yóò mú un. A gbà pé kò sí fèrèsé tí ó lè fi òjé han ojú lásán. Ṣùgbọ́n táńkì tí ó ṣeé ṣí, tí a kọ ohun tí a fi ṣe é sí ara rẹ̀, kò lè fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

4. Ta ni a rò mọ́ ọn?

Ìbéèrè kẹta gbé wa padà sí gúúsù Amẹ́ríkà. Ní àkókò tí òfin ìyapa ẹ̀yà wà níbẹ̀, ibi ìmumi méjì ni ó máa ń wà ní ibi tí ojú pọ̀ sí, ọ̀kan fún aláwọ̀ funfun, èkejì fún aláwọ̀ dúdú. Àwòrán kan tí Elliott Erwitt yà ní North Carolina ní 1950 ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí ọ̀rọ̀ yìí: ibi ìmumi àwọn funfun tóbi, ó sì dára lójú, ti àwọn dúdú jẹ́ àwo kékeré kan lára ògiri, ọkùnrin dúdú kan sì ń mu omi níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú ti 1964 ni ó fòpin sí irú ìpín bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Ohun tí ó kàn wá níbí ni pé kò sí ohun tí omi fúnra rẹ̀ ṣe nínú ìyàtọ̀ yìí. Omi kò lọ́tàá. Ìhun ohun tí a fi ń bù ú ni a fi sọ̀rọ̀ burúkú sí ènìyàn. Ẹni tí ó bá sọ pé ìrísí ẹ̀rọ kò ní ìtumọ̀, kí ó lọ wo àwòrán náà.

Ní 1990, orílẹ̀-èdè kan náà ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ní ìpèníjà ara. Lára ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ìlànà pé ẹnu ibi ìmumi tí ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yóò lò kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 36 lọ sí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀ lónìí, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Ẹ ṣàkíyèsí pé méjì tún ni, ṣùgbọ́n méjì ti òní ń pe ènìyàn wọlé, méjì ti àná ń lé e sóde.

Bí a bá fi ojú yìí wo ẹ̀rọ onígò tí ó wà lọ́dọ̀ wa, ta ni a gbàgbé? Ìgò tí ó kún wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 19. A ní láti gbé e ga dé àyà, kí a dorí rẹ̀ kodò, kí a sì fi ọrùn rẹ̀ bọ ihò láìjẹ́ kí omi dànù. Obìnrin tí ó lóyún kò lè ṣe é. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn kò yẹ kí ó ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó ya àwòrán ẹ̀rọ yìí ti fi ẹnì kan sínú rẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán náà: ìránṣẹ́ tí yóò máa gbé ìgò. Ní ọ́fíìsì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wa ni ó ń gbé e, àwa tí a kéré sí i lọ́jọ́ orí sì ń mu. Èyí kò bá ìwà ọmọlúàbí mu rárá, ẹ̀rọ náà sì mú kí ó dà bí ohun tí kò léèwọ̀.

Àwọn kan ti ṣe ẹ̀rọ tí ìgò rẹ̀ ń wà nísàlẹ̀, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi sókè. Ó tú ẹ̀yìn sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìgò náà. Nísinsìnyí, ìgò àti táńkì ló jọ farasin, ẹ̀rọ náà sì di àpótí tí kò ní ẹ̀rí kankan níta.

5. Ọ̀rọ̀ iná

Lọ́dọ̀ wa, a kò lè yẹ ẹ̀rọ oníná wò kí a má sọ̀rọ̀ iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Ẹ̀rọ amómitutù ní ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tí ń tàn bí iná bá wà. Olùlò rò pé ìmọ́lẹ̀ náà ń sọ pé omi tutù. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà rí iná. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àlàyé. Ká ní táńkì gba lítà 3, omi inú rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 30°C nígbà tí iná lọ, a sì fẹ́ kí ó padà sí 10°C. Ooru tí a ní láti fà kúrò tó kìlójúùlù 252. Bí agbára ìmútutù ẹ̀rọ náà bá jẹ́ wáàtì 100, yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 42. Ìmọ́lẹ̀ ti tàn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Fún ìṣẹ́jú 41, ẹ̀rọ náà ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ ohun tí omi kò tíì jẹ́. Bí àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ bá ń bu níbẹ̀ bí iná ti ń dé, omi wọ́ọ́rọ́ láti inú ìgò yóò máa rọ́pò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé iná yóò tún lọ kí ó tó tutù.

Èyí kì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ adùn lásán. Òtútù a máa dín ìbísí àwọn kòkòrò àìfojúrí kù, kì í pa wọ́n. Táńkì tí ó ń tutù tí ó tún ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, tí a kò sì fọ̀, jẹ́ ibùgbé tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tí a rí lára táńkì ọ́fíìsì wa kò ṣàdédé wá.

6. Àmù gẹ́gẹ́ bí alátakò

A kò wá síbí láti sọ pé kí gbogbo ènìyàn padà sí àmù. Lámèyítọ́ tí ó bá ń fi ohun àtijọ́ na ohun tuntun láìwádìí, ìfẹ́ ilé ni ó ń ṣe, kì í ṣe lámèyítọ́. Àmù ní àbùkù tirẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ni ó ń wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ahá tàbí ife. Ní àkókò òjò, nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kì í mú omi tutù tó bí ó ti ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ó ń fọ́. Ní ti ọwọ́ tí kì í wọ inú omi, ẹ̀rọ onẹ́nu méjì fi ọ̀nà jíjìn sàn jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ara amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi díẹ̀ ń gbà jáde. Bí omi yìí ti ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ èyí tí ó kù. Bí omi tí kò ju 0.2 lítà lọ bá gbẹ kúrò lára lítà 20, ooru tí ó bá a lọ tó láti fi nǹkan bí 6°C mú ìyókù tutù, bí ooru mìíràn kò bá wọlé. Kò nílò iná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń làágùn. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìdí àmù tí ó rí i pé ó tutù, tí ó sì rin, mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmì iṣẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Àmù kò lè purọ́.

Inú rẹ̀ pẹ̀lú kò farasin. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kí apá wọ̀ ọ́. Ọmọdé tí ó ṣí ọmọrí ni yóò rí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, yóò sì gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé kí ó mú kànìnkànìn wá. Nígbà tí a ń gbógun ti sòbìà ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ètò ìkànìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 fi hàn pé àwọn tí ó ní àrùn náà lé ní 650,000, ọ̀kan nínú ohun ìjà tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni aṣọ àsẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi odò kí ó tó wọ inú ìkòkò. A rí asẹ́ náà lójú. A rí i bí ó bá ya. Gbogbo ìyàwó ilé ni ó lè ṣe àbójútó rẹ̀. Aláìsàn tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti 2008, a sì kéde ní 2013 pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Omi kànga tí a gbẹ́, ẹ̀kọ́ ìlera àti oògùn inú odò ló jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí iyèméjì pé aṣọ tí ojú ń rí ní ipa tirẹ̀.

7. Àtakò àti àbá

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé pélébé tí ó bá ẹ̀rọ wá ti sọ pé kí a máa fọ táńkì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ni ó gbà á, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tí ń nu ẹ̀rọ kò rí i rí. Bí ó bá sì rí i, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìhun ohun ìlò ni ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ẹ̀rọ tí ó bá nílò kí ẹlòmíràn bá wa kà á kò tíì parí.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí a bá ń fi inú ẹ̀rọ hàn, kò ní lẹ́wà mọ́. A kò gbà. Bí ìgò bá lè lẹ́wà nítorí pé ó mọ́ gaara, táńkì náà lè lẹ́wà fún ìdí kan náà.

Àbá wa kò pọ̀:

(a) Kí táńkì jẹ́ èyí tí a lè fà yọ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó kí kànìnkànìn wọ̀ ọ́, bí ti àmù.
(b) Kí a fi òṣùwọ̀n ooru omi gan-an rọ́pò ìmọ́lẹ̀, kí olùlò mọ̀ bí omi ti tutù tó, kì í ṣe bí iná bá wà.
(d) Kí òtútù wà ní ìpamọ́ fún ìgbà tí iná kò sí. Yìnyín kìlógíráàmù 1 tí ó bá yọ́ a máa fa ooru tó kìlójúùlù 334, èyí tí ó ju ohun tí a nílò nínú ìṣirò wa lókè lọ. Bí a bá jẹ́ kí yìnyín dì yí táńkì ká nígbà tí iná wà, yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí.
(e) Kí ìgò kéré sí i, kí ó sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni lè gbé e dé, láìti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.
(ẹ) Kí àyè wà níwájú ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu pupa àti ti aró, tí a ó máa kọ ọjọ́ tí a fọ táńkì kẹ́yìn sí.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀rọ amómitutù ṣe iṣẹ́ tí ó dára ní ti pé ó gba omi lọ́wọ́ ife àjùmọ̀lò àti lọ́wọ́ ọwọ́ tí ń wọ inú rẹ̀. A tún fi hàn pé ìhun rẹ̀ fi ẹ̀rí sí ibi tí kò yẹ, tí ó fi jẹ́ pé òjé, ìdọ̀tí àti omi wọ́ọ́rọ́ lè wà nínú rẹ̀ kí ara má fu ẹni tí ń mu ún. A wo àmù, kì í ṣe láti padà sí i, bí kò ṣe láti kọ́ ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀: kí ohun ìlò jẹ́ kí ẹni tí ń lò ó mọ inú òun.

Ní ọ́fíìsì tí a mẹ́nu bà, a fọ táńkì náà ní ọjọ́ yẹn. Ìṣẹ́ tí kò yẹ kí ó gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ gba ọ̀sán wa tán, nítorí pé a ní láti wá ẹni tí ó ní irin ìtú-ṣúrú. Bàbá náà mú páálí, ó ní kí a bá òun kọ ọjọ́ sí i, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀rọ. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, déètì mẹ́rin ti wà lórí páálí náà, gbogbo ẹni tó bá wá bu omi ló sì ń kà á. Páálí yẹn ni a gbà pé ó dára jù lọ nínú gbogbo ìhun ẹ̀rọ náà. A fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìjókòó yìí láti tú palẹ̀.